Ìkíni Tó Ṣáájú Ìròyìn

Sàlímọ́tù aránṣọ kì í dá sí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé. Láti Ìsẹ́yìn ló ti gbé máṣíìnì rẹ̀ wá sí Àbújá lọ́dún 1993, tòun ti Sùlàímọ́nù àbúrò rẹ̀. Àwọn olùkọ́ yunifásítì kan tí wọ́n ní ẹgbẹ́ eléré orí ìtàgé ló gbà wọ́n síṣẹ́: ẹ̀gbọ́n ń rán aṣọ eré, àbúrò ń wa bọ́ọ̀sì. Òun ló tọ́ Sùlàímọ́nù dàgbà lẹ́yìn ìyá wọn, òun ló sì mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ikọ́ fée tó ń bá a jà láti kékeré.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan lọ́dún 1999, ó ṣí gbọ̀ngàn eré, ó sì bá òkú Dókítà Ọbayẹmí, olórí ẹgbẹ́ náà, lórí ìtàgé. Wọ́n ti fọ́ ọ lórí. Sípánà bọ́ọ̀sì Sùlàímọ́nù ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ ló sì mọ̀ pé òun àti dókítà jà lọ́jọ́ Sátidé. Kí oòrùn tó mú, ọlọ́pàá ti mú Sùlàímọ́nù, ọmọ ọlọ́mọ, lọ.

Ínsípẹ́kítọ̀ Sànúsí, ọmọ Hausa tó dàgbà ní Ìlọrin, kìlọ̀ fún Sàlímọ́tù.

"Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé dókítà ti kú o. Ẹni tó bá bi yín, ẹ ní ó wà lọ́síbítù."

Sàlímọ́tù bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun fún àbúrò òun ní oògùn ikọ́ rẹ̀. Ó ní òfin ò gbà á. Òfin! Òfin tó mọ bí wọ́n ṣe ń tini mọ́lé, tí kò mọ bí èèyàn ṣe ń mí.

Lọ́sàn-án, Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyan yọjú sí yàrá ìránṣọ. Olùkọ́ ni òun náà, èèyàn jẹ́jẹ́. Òun ló kọ eré tí wọ́n ń múra rẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n orúkọ Ọbayẹmí ló wà lára ìwé.

"Àǹtí, ẹ kú ará fẹ́ra kù o."

"Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́," ni Sàlímọ́tù dáhùn, ó ń tẹ máṣíìnì rẹ̀ lọ. Ọkùnrin náà ti jáde kí ẹsẹ̀ Sàlímọ́tù tó dúró lórí máṣíìnì. Ta ló sọ fún un? Ẹyin lọ̀rọ̀, ti Ọláníyan sì ti bọ́ sílẹ̀.

Ó sáré lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

"Kai! Torí pé ó kí yín?" ni Sànúsí wí.

"Ọ̀gá, ẹni tí èèyàn ẹ̀ wà lọ́síbítù, 'Ọlọ́run á fún un lálàáfíà' là ń sọ fún un. Ará fẹ́ra kù, òkú ni wọ́n ń fi í kí. Tẹ́ ẹ bá fi kí èèyàn aláìsàn, èpè ni!"

Wọ́n bá ẹ̀wù ẹlẹ́jẹ̀ nílé Ọláníyan. Wọn ò bi í lẹ́ẹ̀mejì tó fi jẹ́wọ́. "Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ eré yẹn," ló ń tẹnu mọ́. Sànúsí ní kí Sàlímọ́tù wá mú àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, nítorí ẹni tí yóò buwọ́ lu ìwé ìtúsílẹ̀ ti relé.

Ó dé ibẹ̀ láàárọ̀ pẹ̀lú àkàrà gbígbóná, ẹ̀wù mímọ́ àti oògùn ikọ́. Inú rẹ̀ ń dùn. Sànúsí wojú ilẹ̀. Ọlọ́pàá kan, ọmọ Kàbà, dìde lẹ́yìn káńtà, ó ṣí fìlà rẹ̀.

"Àǹtí," ó ní, "ẹ kú ará fẹ́ra kù."

Sàlímọ́tù di aṣọ Sànúsí mú.

"Ọ̀gá, ẹ ṣáà ní ó wà lọ́síbítù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi pé ó wà lọ́síbítù."