Wáṣà Tó Kù Nínú Agolo

Ní Osi, bí mọ́tò bá kọṣẹ́, Lásárù Ọmọ́tọ́ṣọ́ ni wọ́n ń ké sí. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ ni, òun náà sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n.

Nígbà ọyẹ́ ọdún 1981, bọ́ọ̀sì ìjọ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ké láràárọ̀. Bí Jónà Olóyèdé awakọ̀ bá ti yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì á figbe ta bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n dì lókùn. Tí ara rẹ̀ bá móoru tán, á dákẹ́. Lásárù ní fánbẹ́ẹ̀tì ló gbó, rọ́bà tó ń yí àwọn púlì, irin roboto tó wà lẹ́nu fáànù àti jẹnẹrétọ̀. Ó pààrọ̀ rẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, igbe tún bẹ̀rẹ̀.

Àwọn àgbà ìjọ pè é. Kò lè sọ pé òun kò mọ ohun tó fà á. "Tuntun ni mo fi sí i," ó ní. "Ẹ bi Jónà bóyá ó ti tú u tà, tó fi àlòkù rọ́pò."

Jónà wò ó bí ẹni tí wọ́n gbá létí. "Bọ̀ọ̀dá Lásárù, èmi?" Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì padà sóko bàbá rẹ̀ ní Ìdòfin.

Awakọ̀ mìíràn, Ọláìtán, ni wọ́n gbé bọ́ọ̀sì fún. Igbe kò dẹ́kun. Láàárọ̀ ọjọ́ tó gbé e wá bá Lásárù, Màmá Àríkẹ́, tó ń fi ẹ̀rọ lọ ẹ̀gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, gbé kọ́ọ̀pù omi jáde.

"Lásárù, ta omi sí bẹ́ẹ̀tì yẹn. Bí igbe bá dákẹ́ díẹ̀, tó tún bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀tì ló ń yọ̀. Bí kò bá dákẹ́ rárá, inú púlì ló bàjẹ́. Bí mo ṣe ń mọ ti ẹ̀rọ mi nìyẹn."

Lásárù fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ta omi náà. Igbe dákẹ́ lójijì. Kò pẹ́, ó tún gbóhùn sókè. Kí ló wá ń mú bẹ́ẹ̀tì tuntun yọ̀? Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó fi igi tó gún régé wọn ojú àwọn púlì. Ti jẹnẹrétọ̀ ti sún wọlé, kò bá àwọn yòókù dọ́gba. Wáṣà kan, irin pẹlẹbẹ oníhò, ló yẹ kó wà lẹ́yìn rẹ̀, kó lè tì í síta. Inú agolo mílíìkì tó ń da nọ́ọ̀tì sí ló ti rí i. Òun fúnra rẹ̀ ló gbàgbé láti dá a padà lọ́jọ́ tó pààrọ̀ bẹ́ẹ̀tì.

Òógùn bò ó nínú ọyẹ́. Ó dá wáṣà sípò, ẹ́ńjìnnì sì jí láìké. Ọláìtán pàtẹ́wọ́: "Ọ̀gá, ẹ mọṣẹ́ yìí o!" Ìyìn náà ta á ju èébú lọ. Màmá Àríkẹ́ kò yìn ín. Agolo ló ń wò.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Lásárù fi pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra. Lọ́jọ́ kẹrin, ó bá Jónà níbi tó ti ń kọ ebè ní Ìdòfin. Ó jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ wáṣà fún un, ó sì bẹ̀ ẹ́, kò lè gbójú sókè.

Jónà fi ọkọ́ tilẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyàwó mi bi mí bóyá lóòótọ́ ni mo tà á. Inú oko lẹ ti ń bẹ̀ mí. Ojú ìjọ lẹ ti bà mí jẹ́."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìwàásù, Lásárù dìde. Ó sọ gbogbo rẹ̀, títí kan agolo. Susanna, ìyàwó Jónà, bú sẹ́kún.

Wọ́n dá kọ́kọ́rọ́ padà fún Jónà, ó sì gbà á. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí bọ́ọ̀sì bá fẹ́ àtúnṣe, Ọmù-Àrán ló ń gbé e lọ. Bó bá ń kọjá, á kí Lásárù tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Lásárù á dáhùn láti abẹ́ mọ́tò tó bá wà, kò ní yọjú.