Ẹ̀pẹ́ Tí Kọ̀ǹpútà Mi Kò Mọ̀

Ìyá mi ló pè mí láti Ẹ̀pẹ́ pé Bàbá ti kó gbogbo ìwé wọn sínú àpò, wọ́n sì ti tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní kí n bi ara mi.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá. Wọ́n ń kọ ìtàn bí àwọn baba ńlá wa ṣe gba ojú omi kúrò ní Ìsàlẹ̀ Èkó wá tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Bí wọ́n bá ti parí orí kan, wọ́n á fi ímeèlì rán an sí mi, èmi á kà á, màá sì fèsì. Àmọ́ ó ti tó oṣù méjì tí n kò rí nǹkan kan gbà. Mo rò pé wọ́n ń sinmi ni, n kò sì béèrè. Bàbá náà kì í béèrè ohun tó bá dùn wọ́n.

Ìkòròdú ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe àpò ìrẹsì, níbi tí lẹ́tà ti ń ya wọlé bí ẹ̀fọn. Kí ti Bàbá má baà sọnù sínú wọn, mo ṣòfin fún kọ̀ǹpútà mi: lẹ́tà tí "Epe" bá wà ní àkọlé rẹ̀, kó gbé e sínú fódà Bàbá. N kò lè fi àdírẹ́sì wọn ṣe é, torí gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbàgbé páswọ́ọ̀dù, tuntun ni wọ́n ń ṣí. Òfin kejì ni pé lẹ́tà àjèjì tó bá gbé fáìlì dání, tí òfin àkọ́kọ́ kò bá mú un, kó lọ tààrà sí fódà ìdọ̀tí. Ọgbọ́n yẹn dùn mọ́ mi nígbà náà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ṣí fódà Bàbá. Lẹ́yìn àwọn orí tí mo ti kà, lẹ́tà tuntun mọ́kànlélógún ló wà níbẹ̀, kò sì sí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tó ti ọwọ́ Bàbá wá. Àwọn oníbàárà ló kọ wọ́n, títí kan ọ̀kan ní Ìmọ́ta tó ti ń pariwo pé a kì í fèsì, tí mo sì ti sọ fún pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Inú bí mi. Ó kù díẹ̀ kí n pa gbogbo òfin náà rẹ́, àmọ́ mo fẹ́ mọ ohun tó pa àpò ìrẹsì pọ̀ mọ́ Ẹ̀pẹ́. Mo to àwọn àkọlé náà tẹ̀ léra, mo ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, títí mo fi rí i: "Repeat." Ohun tí oníbàárà tó fẹ́ irú ọjà tó rà tẹ́lẹ̀ máa ń kọ nìyẹn. Ẹ wo àárín rẹ̀: e, p, e. Kọ̀ǹpútà kò mọ ìlú, álífábẹ́ẹ̀tì ló mọ̀.

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu mi. Bó bá jẹ́ álífábẹ́ẹ̀tì nìkan ló mọ̀, báwo wá ni Bàbá ṣe ń kọ Ẹ̀pẹ́?

Bàbá kò fẹ́ràn "Epe" tí kò lámì rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun nìkan ni kọ̀ǹpútà wọn lè kọ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní èpè lèèyàn á kà á sí, àwọn kò sì ní í fi ọwọ́ ara àwọn ṣẹ́pè fún ìlú àwọn. Èmi náà ni mo fi kíbọ́ọ̀dù tó ń fàmì sí Yorùbá sórí kọ̀ǹpútà wọn, nígbà tí mo lọ kí wọn lọ́jọ́ Iléyá, ní oṣù méjì sẹ́yìn. Inú wọn dùn bí ọmọ tó rí bàtà tuntun.

Mo ṣí ìdọ̀tí. Orí mẹ́fà ló wà níbẹ̀, gbogbo Ẹ̀pẹ́ tó wà lákọlé wọn fi àmì dé fìlà, ó sì fi àmì wọ bàtà, kọ̀ǹpútà kò sì dá a mọ̀. Lókè orí tó gbẹ̀yìn ni wọ́n kọ ọ́ sí pé: "Bí kíkà rẹ̀ bá ti sú ẹ, sọ fún mi, kí n yé dà ẹ́ láàmú." Ojú tì mí gan-an.

Mo tún òfin náà ṣe, mo kọ orúkọ ìlú náà sí i tàmì-tàmì, mo sì fi lẹ́tà bíi mẹ́rin dán an wò. Ní Sátidé, mo lọ sí Ẹ̀pẹ́, mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé. Bàbá gbọ́ ọ bí ẹni tó wà ní kíláàsì, wọ́n ń bi mí ní ìbéèrè.

"Tó bá jẹ́ àmì yẹn ni kì í jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ ẹ, màá yọ ọ́," ni wọ́n wí. "Kí n máa kọ èpè náà. Kó ṣáà ti dé."

Mo ní kí wọ́n má yọ nǹkan kan. Mo wọ yàrá, mo bẹ̀rẹ̀, mo fa àpò náà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.