Aago Mọ́sálásí àti Fèèrè Mùjíbátù

Ẹ sún mọ́bí díẹ̀ sí i. Ìwọ tó ń jẹ̀pà yẹn, rọra máa jẹ ẹ́, kí etí ó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ Mùjíbátù.

Abúlé kan lẹ́yìn Ìyànà Ọ̀fà ló ń gbé. Ọdún méjìdínlógún ló fi gbálẹ̀ nílé ìwádìí kan n'Íbàdàn, tó ń wo àwọn ọ̀gá bí wọ́n ṣe ń tún rédíò ṣe, títí òun náà fi mọ̀ ọ́n. Ó ṣe ìdánwò, ìjọba fún un níwèé àṣẹ. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó so wáyà mọ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, ó gbé rédíò sórí tábìlì pẹ̀lú kọ̀ǹpútà kékeré kan tí kò ju páálí sìgá lọ. Ohun tó bá tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà yẹn, á sọ ọ́ di fèèrè, rédíò á gbé fèèrè náà lọ, kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn á tún sọ ọ́ di lẹ́tà.

Àwọn mẹ́sàn-án ló wà nínú ẹgbẹ́ wọn. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá kú, àwọn ló ń gbé iṣẹ́ láti abúlé sí abúlé. Kọ́lápọ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbé Ẹgbẹ́dá, ni olórí wọn. Òfin ẹ̀ ò ní méjì: ẹni tí wọn ò bá gbọ́ láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ fọ́jọ́ méje, wọ́n á yọ ọ́. Mùjíbátù sì ti lo ọjọ́ mẹ́fà tí wọn ò gbọ́ ọ. Rédíò ò kúkú dákẹ́. Ó ń gbọ́ fèèrè wọn, fíò, fíò, ṣùgbọ́n ojú kọ̀ǹpútà mọ́ bí àwo tájá lá.

Ọjọ́ keje pé. Ó ti tú wáyà, ó ti tún un so. Aago márùn-ún ti ń sún mọ́lé nígbà tí Sàníù, ládàánì mọ́sálásí wọn, yọjú.

"Ìyá Kifayah, ẹ ò tíì fi nǹkan yìí sílẹ̀? Fèèrè ọ̀hún ń dẹ́rù ba àwọn adìẹ wa."

"Adìẹ yín ló gọ̀. Bí wọn ò bá gbọ́ mi lónìí, ó tán nìyẹn."

"Kí ló ṣe é?"

"Mi ò mọ̀. Wáyà dáa, bátìrì dáa. Nẹ́tíwọ̀kì ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ aago. Nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí ò sì tíì padà, aago mọ́sálásí ni mo wò tí mo fi tò ó. Ṣebí èmi fúnra mi ni mo fi rédíò to aago yẹn nígbà àwẹ̀, títí kan ọwọ́ ìṣẹ́jú àáyá."

Sàníù ń fẹsẹ̀ tẹ koríko tí ò ṣẹ̀ ẹ́.

"Bàbá Ládàánì!"

"Mo sún un síwájú díẹ̀."

"Ẹ ṣe kí ni?"

"Ìṣẹ́jú mẹ́fà, tàbí méje. Bó ṣe rí lójú mi ni mo sún un. Bí mi ò bá sún un, ta ló ń tètè wá kírun níbí? Ẹ̀yin gan-an, rákà kejì lẹ máa ń sáré wọlé bá."

Mùjíbátù bú sẹ́rìn-ín, ó sì bú Sàníù náà. "Wọ́n ní kẹ́ ẹ pèrun, ẹ ń tan Mùsùlùmí jẹ!"

Iṣẹ́ rédíò yẹn sì dà bí ìrun ẹ̀yìn imáámù ni. Gbogbo wọn ló ní láti gbéra lórí ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Ẹni tó bá fi mẹ́ta péré ṣáájú ti ba tiẹ̀ jẹ́.

Ó tan rédíò tó fi ń gbọ́ ìròyìn. Kí ìròyìn aago márùn-ún tó bẹ̀rẹ̀, rédíò dún: pí, pí, pí, èyí tó kẹ́yìn gùn. Orí èyí tó gùn yẹn ló tẹ bọ́tìnnì lé. Aago kọ̀ǹpútà bọ́ sípò. Ó kọ MO WA, ó fi ránṣẹ́.

Kò sí èsì. Ó tún fi í ránṣẹ́. Sàníù jókòó sórí àpótí, ó ń wo ojú kọ̀ǹpútà.

Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, láìlámì lórí: A GBO YIN IYA. A TI FE YO YIN.

Sàníù na ọrùn. "Ṣé wọ́n fẹ́ yọ̀ ni, àbí wọ́n fẹ́ yọ yín?"

"Wọ́n ti fẹ́ yọ mí. Kọ́lápọ̀ nìyẹn. Wọ́n ti gbọ́ mi."

"Alhamdulilahi. Ṣé kí n lọ dá aago padà?"

Mùjíbátù tẹ̀ ẹ́ sí Kọ́lápọ̀ pé MO WA O, ó dìde, ó tún ìró ró, ó bá tiẹ̀ lọ, ó fi ọ̀rọ̀ aago sílẹ̀ fún Sàníù.