Ẹyin Àjíǹde Ní Kóòtù Doña Ofelia

Ìròyìn tó gba Palo Seco kan ni pé Doña Ofelia, adájọ́ kékeré ìlú náà, pàṣẹ pé kí wọ́n sọ ọlọ́pàá lẹ́yin títí yóò fi sunkún. Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, wọ́n ní páálí ẹyin kan ni. Kí ọ̀rọ̀ tó dé ilé epo, ó ti di ọkọ̀ akẹ́rù kan, gbogbo adìyẹ etí odò Rio Grande sì ti dùbúlẹ̀ àárẹ̀.

Ẹni tó bá mọ Doña Ofelia kò ní yára jiyàn. Kí wọ́n tó dìbò yàn án, òun ló ń se oúnjẹ ọ̀sán ní ilé ẹ̀kọ́ girama ìlú. Tó bá ké mọ́ ọmọ tó fẹ́ gba ẹran lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ọmọ tó ń jẹun ní Mẹ́síkò lódìkejì odò á rọra dá tiwọn padà. Kò sí ọmọ tí kò fi orúkọ mọ̀, ó sì mọ ohun tí kálukú ń fi pamọ́ sábẹ́ ìrẹsì.

Nígbà tó fi di adájọ́, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kékeré fún ọmọ iléèwé mọ́. Ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ iléèwé á já ìwé ẹ̀sùn fún un, ó di kóòtù. Ọmọ tó pariwo ní kíláàsì, ọ̀daràn. Ọmọ tó fín lọ́fínńdà jù, ọ̀daràn. Doña Ofelia á jókòó nínú aṣọ dúdú rẹ̀, á máa wo àwọn ọmọ tó ti bọ́ rí, inú rẹ̀ á sì bàjẹ́.

Lọ́sẹ̀ Àjíǹde ni wọ́n mú Yadira Longoria wá, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń múra láti wọ ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí ilé ìwòsàn ìlú ń ṣe fún àwọn ọmọ girama. Wọn kì í gba ẹni tí kóòtù bá ti dá lẹ́bi. Ìyá rẹ̀ tẹ̀lé e wá pẹ̀lú bàtà ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́sẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Lindqvist, ọ̀dọ́ ọlọ́pàá tó wá láti Minnesota níbi tí yìnyín ti ń bo ilé mọ́lẹ̀, ka ẹ̀sùn: ọmọ yìí fọ́ ẹyin mọ́ tíṣà lórí.

"Kí ló wà nínú ẹyin náà?" Doña Ofelia bi í.

"Bébà, mà. Wẹ́wẹ́, aláwọ̀ oríṣiríṣi."

"Bébà. Adìyẹ wo ló yé e?"

Ẹ̀rín sọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ Lẹ́ńtì ni gbogbo ilé ti ń tọ́jú èèpo ẹyin, wọ́n á kùn ún, wọ́n á kó bébà sínú rẹ̀, kí wọ́n lè fọ́ ọ lé orí ẹni tí wọ́n fẹ́ràn nígbà Àjíǹde. Ní Palo Seco, ẹni tí wọn kò bá fọ́ ẹyin lé lórí á lọ wo ara rẹ̀ nínú dígí bóyá ó ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀gbẹ́ni Benavides, tíṣà ìṣirò, dìde. Bébà ṣì wà nínú irun rẹ̀. Ó kọ̀, kò fọ orí.

"Doña Ofelia, èmi ló yẹ kí n pe ọlọ́pàá lẹ́jọ́. Àwọn ọmọ yòókù tò sẹ́yìn Yadira láti fọ́ tiwọn lé mi lórí, ọlọ́pàá yìí lé gbogbo wọn sá."

Doña Ofelia yíjú sí Lindqvist. "Ìgbà wo lo ti dé ọ̀dọ̀ wa?"

"Ó ti lé lọ́dún kan, mà."

"Mélòó ni wọ́n ti fọ́ lé ọ lórí?"

Ọkùnrin náà wo fìlà ọwọ́ rẹ̀. "Kò sí, mà."

Ìyá Yadira, tí kò tíì sọ̀rọ̀ látàárọ̀, ní, "Ó mà ṣe o, ọmọ ọlọ́mọ."

"Mo ní ọ̀kan nínú báàgì," Yadira wí. "Tiẹ̀ ni. Ojú rẹ̀ ló le jù lọ́jọ́ yẹn, mi ò lè sún mọ́ ọn."

"Jókòó síbẹ̀, ọmọ mi. Tí o bá fọ́ ọ báyìí, ẹ̀sùn rẹ di méjì." Doña Ofelia wo ọlọ́pàá. "Ṣé o ṣì ń bá ẹjọ́ yìí lọ?"

Lindqvist wo ọmọ náà, ó wo báàgì rẹ̀. "Mo fà á sẹ́yìn, mà." Ó sì tẹrí ba.

Láti ọjọ́ náà, Doña Ofelia àti ọ̀gá iléèwé gbà pé ọ̀rọ̀ kékeré kò gbọdọ̀ kọjá ilé ìdáná iléèwé. Ẹni tó ṣẹ̀ àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ á jọ po ìyẹ̀fun tọ̀tíyà, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí ìlú ń jẹ, títí wọ́n á fi rí ọ̀rọ̀ bá ara wọn sọ. Ọ̀rọ̀ ọmọ iléèwé wá wọ́n ní kóòtù débi pé ológbò bímọ sórí àga olùjẹ́jọ́.

Nígbà tí ìròyìn ọkọ̀ akẹ́rù dé etí Doña Ofelia, ó gba ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ lọ fúnra rẹ̀.

"Ẹ gbọ́, ẹ̀yin olófòófó. Kì í ṣe páálí, kì í ṣe ọkọ̀. Ẹyin kan ni, búlúù. Mi ò pàṣẹ, ọmọ náà ló fọ́ ọ, lẹ́yìn tí ẹjọ́ ti parí."

"Ṣùgbọ́n ó sunkún, àbí?" Don Chema onígbàjámọ̀ béèrè, abẹ sì dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó sunkún," Doña Ofelia wí. "Ó ní bébà ló kó sí òun lójú. Kóòtù mi sì gbà bẹ́ẹ̀."