Àwọn Òròmọdìẹ Pupa Ìyá Fàúsát

Tí ẹ bá dé àdúgbò wa lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù ní Oko Ọba, tí ẹ béèrè Sọ̀fíyàt, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n. Ẹ sọ pé Ìyá Fàúsát tó ń ta ṣàkì, ọmọdé gan-an á mú yín dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ máa gbóhùn ẹ̀ kí ẹ tó rí i. Ó lè bá èèyàn jà láàárọ̀, kó bu ṣàkì fún un lọ́sàn-án.

Ohun tó fẹ́ràn jù láyé ni àgbébọ̀ adìẹ kan tó mú wá láti Ogbómọ̀ṣọ́ nígbà tí ìyá ẹ̀ kú. Àwọn àbúrò ẹ̀ ń pín aṣọ, wọ́n ń pín ìkòkò, òun ní adìẹ lòun fẹ́. Ó ní ìran adìẹ yẹn ni ìyá òun ń sìn látìgbà tí wọ́n ti bí òun, kò gbọdọ̀ run mọ́ òun lọ́wọ́.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ibi tí wọ́n bá ti ń pa màlúù, àṣá kì í wọ́n níbẹ̀. Nígbà tí adìẹ yìí pamọ, àfi bíi pé àwọn àṣá gbàgbé ẹran màlúù. Wọ́n ń gbé òròmọdìẹ lọ títí ó fi ku mẹ́rin péré.

"Ìyá Fàúsát, ra kéèjì," ni Àkànjí, ọkọ ẹ̀, wí.

"Kéèjì kẹ̀? Ẹ̀wọ̀n lẹ fẹ́ rán adìẹ ìyá mi lọ? Kí ló jí?"

Ló bá rántí ohun tí wọ́n ń ṣe nílé ní Ogbómọ̀ṣọ́: wọ́n máa ń pa òròmọdìẹ láró kí àṣá má baà mọ̀ pé adìẹ ni. Ó ra aró pupa tí wọ́n fi ń pa ẹní láró ní Abúlé Ẹ̀gbá, ó rì wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó ṣe tán, òròmọdìẹ pupa, ọwọ́ ẹ̀ pupa, imú ẹ̀ náà pupa.

Mo ní, "Ìyá Fàúsát, nínú ẹ̀yin àti adìẹ, ta lẹ kùn gan-an?"

Ó ní kí n lọ rín ẹ̀rín mi nílé ọkọ mi.

Àṣé ọjọ́ tí adìẹ bá pamọ gan-an ni wọ́n ń kùn wọ́n nílé wọn, kí ìyá tó mojú ọmọ. Àwọn tiwa yìí ti lé lọ́sẹ̀ méjì. Bó ṣe tú wọn sílẹ̀, adìẹ wò wọ́n, ó yí ọrùn, ó tún wò wọ́n. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹnu sọ wọ́n lórí, ó ń lé wọn kiri.

"Ọmọ ẹ ni o!" Ìyá Fàúsát ń bẹ adìẹ. "Èmi ni mo kùn wọ́n, jọ̀ọ́, má bínú!"

Àkànjí rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Sọ̀fíyàt, o ti sọ ọmọ ọlọ́mọ di àlejò!"

Kò tíì rẹ́rìn-ín tán tí òjìji àṣá fi kọjá lórí wa. Àwọn òròmọdìẹ ti fọ́n ká, kò sí èyí tó sún mọ́ ìyá ẹ̀. Àṣá já wálẹ̀, ó gbé ọ̀kan. Ìyá Fàúsát bọ́ bàtà, ó jù ú lù ú. Àṣá já òròmọdìẹ sílẹ̀, ó bà lé orí páànù, ó ń wo àwọn nǹkan pupa náà bí ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ tí ò mọ̀ wá bá.

Ìgbà yẹn ni adìẹ na ìyẹ́, tó fi igbe bọnu. Òròmọdìẹ mẹ́ta sáré wọ abẹ́ ẹ̀. Kò ráyè wo àwọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ó ku èyí tí àṣá já sílẹ̀. Ó nà gbalaja, ẹsẹ̀ méjèèjì sókè. Ìyá Fàúsát bú sẹ́kún. Àṣá wo òkú yẹn títí, ó sú u, ó fò lọ. Àkànjí ní "Ìnnà lilláhì," ó gbé e lẹ́sẹ̀ kó lọ sin ín. Ni òkú bá lajú! Ó jà bọ́ lọ́wọ́ Àkànjí, ó sáré lọ bá ìyá ẹ̀. Àkànjí ní "Yéè!", ó fò sẹ́yìn, ó jókòó sínú abọ́ aró.

"Bàbá Fàúsát," ni ìyàwó ẹ̀ wí, omijé ṣì wà lójú ẹ̀, "ẹ jókòó dáadáa, kí aró lè mú."

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló dàgbà. Abo ni mẹ́ta. Ọ̀kan nínú wọn ń sàba lábẹ́ bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà mi báyìí, kò sì jẹ́ kí n jókòó.