Ìbọn Tó Ń Só àti Bẹ́líìtì Baba Mi

Ọdún tí ọkọ̀ ẹja dojú dé ní oríta Òrè, tí òórùn ẹja ò kúrò lára aṣọ ẹnikẹ́ni fún ọ̀sẹ̀ gbáko, ni ìbọn atẹ́gùn wọ ilé wa ní Omifunfun. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ gbé apá Òdìgbó nígbà náà, mo mọ̀ pé imú yín ò ní gbàgbé. Olùkọ́ kan tí wọ́n gbé kúrò lábúlé wa ló fi ìbọn náà ta baba mi lọ́rẹ, nítorí ọ̀kẹ́rẹ́ ń dá kòkó wa lu lórí igi. Ìbọn náà kì í jẹ ẹ̀tù. Ọwọ́ kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí èèyàn máa ń fà bíi ti pọ́ńpù kẹ̀kẹ́, atẹ́gùn á kó sínú rẹ̀, atẹ́gùn yẹn ló ń ti ọta jáde.

Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, baba mi fà á títí ó fi làágùn. Ó fojú sun ọ̀kẹ́rẹ́ kan. Ìbọn ní "pùùù", bí àgbàlagbà tó jẹ ẹ̀wà sùn. Ọta yọ́ jáde, ó bọ́ sẹ́bàá ẹsẹ̀ baba mi. Ọ̀kẹ́rẹ́ ò tilẹ̀ dẹ́kun jíjẹ. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi Mọ́jí bú sẹ́rìn-ín. Baba mi wọlé lọ mú bẹ́líìtì lórí ìṣó.

Bó ṣe ń rí láràárọ̀ nìyẹn: ìbọn á só, a ó rẹ́rìn-ín, bẹ́líìtì á dáhùn. Ẹ̀rín yẹn kò ṣeé dì mú. Mo ti ki aṣọ bọ ẹnu rí, imú ló gbà yọ. Mo wá rí i pé bí ara ìbọn yìí kò bá yá, ìdí mi ò ní sinmi.

Ìyá mi máa ń sọ pé, "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ." Mo ti rí àwọn tó ń lẹ táyà l'Órè, bí wọ́n ṣe ń fi ìfófó ọṣẹ wá ihò. Lọ́jọ́ tí à ń fọṣọ, bí baba mi ṣe fa ìbọn tán, mo bu ìfófó, mo fi pa á lára. Ìdí pọ́ńpù rẹ̀ ń hó ṣùṣù.

"Baba, ẹ wò ó, ibí ló ti ń só!"

Ó tú u. Awọ roboto tó yẹ kó sé atẹ́gùn mọ́ inú ti gbẹ, ó sán bíi gìgísẹ̀ ẹni tí kì í wọ bàtà.

Rọ́bà inú táyà ló kọ́kọ́ gé sí i, ó fi epo pupa pa á kó lè máa yọ̀. Rọ́bà mu epo, ó wú, ọwọ́ ìbọn há. Òun àti àbúrò rẹ̀ fà á títí àwọn méjèèjì fi ṣubú sẹ́yìn. A rẹ́rìn-ín, ẹ mọ ohun tó tẹ̀lé e. Ló bá yọ pọ̀nmọ́ nínú ọbẹ̀ ìyá mi, ó sá a lórí páànù títí ó fi gan, ó gé e roboto. Ìyẹn ṣiṣẹ́! Ó ṣiṣẹ́ di ìrọ̀lẹ́, ìgbà tó tú u láti fi epo pa á, tó gbàgbé rẹ̀ sórí àpótí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, eku ti jẹ ẹ́ tán.

Ìyá mi pàtẹ́wọ́. "Baba Mọ́jí, ìbọn tí ẹ ní kó pa ọ̀kẹ́rẹ́, eku ti fi í jẹun!"

Baba mi jókòó, ó dorí mú. "Awọ tó yi, tó sì tún rọ̀, níbo ni mo ti fẹ́ rí i?"

Ìyá mi fi ẹnu júwe ìṣó tí bẹ́líìtì wà. Èmi ni mo là á mọ́lẹ̀: "Baba, bẹ́líìtì rọ̀ dáadáa. Ìdí wa ló sọ ọ́ di rírọ̀."

Ó wò mí, ó wo bẹ́líìtì, ó gbọ́ ìró ọ̀kẹ́rẹ́ lórí igi. Ó mú ọ̀bẹ. Ó gé awọ náà roboto-roboto títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kó lè rí òmíràn fi pààrọ̀, ó rẹ wọ́n sínú àdín, tí òórùn rẹ̀ kò jẹ́ kí eku sún mọ́ wọn, ó sì ki ọ̀kan sínú ìbọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìbọn ní "tàà!" Ọ̀kẹ́rẹ́ já bọ́. Baba mi fò sókè fáyọ̀, ó tẹ èèpo kòkó, ó yọ̀, ó fìdí jókòó gbì! Ẹ̀rín tún pa wá. Ó dìde fùú, ó wọlé, ó nawọ́ sí ìṣó. Irin bẹ́líìtì àti awọ tí kò ju ìka ọwọ́ lọ ló kù níbẹ̀. Ó gbé e yẹ̀ wò síwá sẹ́yìn. Ni òun fúnra rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ọmọ tó ń ki aṣọ bọ ẹnu níjọ́ yẹn ló di arúgbó yìí. Èmi náà ti ń jò. Bí mo bá ń dìde lórí àga, ara mi á ní "pùùù", ọmọ-ọmọ mi tó ń bá mi kọ èyí sílẹ̀ á sì ki aṣọ bọ ẹnu tirẹ̀. Mi ò ní bẹ́líìtì nílé. Àwọn ọmọ tí mo bí náà ti di òbí; bí inú bá ń bí wọn sí ọmọ, ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé, "Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí atẹ́gùn ti ń jò, kí ẹ tó wá ẹni tí ẹ máa nà. Bí ẹ bá wá a tì, ẹ gé bẹ́líìtì ná."