Ìpín Ìyá Mi ní Iléeṣẹ́ Aṣọ

Nígbà tí ìjọba ní kí òyìnbó ta ìpín iléeṣẹ́ wọn fún ọmọ Nàìjíríà, ìyá mi, oníṣòwò aṣọ ní Sabon Gari, Zaria, ra ìpín iléeṣẹ́ kan tó ń hun aṣọ ní Nàìjíríà níbí pa mọ́ fún àwọn ọmọ mi.

Lọ́jọ́ tí rédíò ní ìjọba ti fòfin de aṣọ òkè òkun, èmi òpònú olùkọ́ yunifásítì rò pé òwò aṣọ ti parí.

"Ẹ tà á, Ìyá."

Wọ́n kọ̀. Ni mo bá purọ́ pé èlé ni èrè rẹ̀, harámù ni fún Mùsùlùmí. Wọ́n tà á, wọ́n fi èrè tí wọ́n ti jẹ ṣe sàráà.

Òfin yẹn gan-an ló sọ iléeṣẹ́ náà di ọlọ́rọ̀, torí aṣọ ilé ni gbogbo ènìyàn wá ń rà.

Títí Ìyá fi kú ni wọ́n ń dúpẹ́ pé mo yọ àwọn nínú iná.